Òpó Kẹtàdínlógún

Nígbà tí òkun fà sẹ́yìn láàárọ̀ kùtù,
a sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ èbúté Caleta Pilún,
ní erékùṣù ìsàlẹ̀ Ṣílè níbi tí òjò ti ń rọ̀
bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.
Edelmira Chiguay ló di ẹnu ẹ̀rọ náà mú,
èmi Nolberto, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo di etí rẹ̀ mú lódìkejì.
Òpó igi kan ló wà láàárín wa.

Ó ń rán ìró níṣẹ́,
ìró tí etí ènìyàn kò ká,
tí ajá tó tẹ̀lé wa gan-an kò mọ̀ pé ó kọjá.
Bí igi bá le, ìró a sáré la inú rẹ̀ já
bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí ebi ń pa.
Bí inú bá jóhò, ìró a yà, a wá ẹ̀bá rìn,
a pẹ́ kó tó dé, a sì dé pẹ̀lú àárẹ̀.
Pípẹ́ tó pẹ́ yẹn ni ẹjọ́ tí òpó fẹnu ara rẹ̀ rò.

"Ìkẹrin, ó dára."
"Ìkarùn-ún, ó dára."
Ṣọ́ọ̀kì funfun, ṣọ́ọ̀kì funfun.
Mo gbé etí ẹ̀rọ lé àyà ara mi nígbà tí kò wò mí.
Ó ní kí n má fi bátìrì ìjọba ṣòfò.

Òpó kọkànlá rí bí arúgbó tó ti ogun mẹ́ta bọ̀:
ó sán, ó wọ́, ìkarahun bò ó dé ọrùn.
Mo ti mú ṣọ́ọ̀kì pupa dání kí wọ́n tó bi í léèrè.
Ìró gba inú rẹ̀ kọjá, wàrà!
Àǹtí mi rẹ́rìn-ín:
"Nolberto, ojú kọ́ la fi ń gbọ́rọ̀."

Lókè lórí pákó, Bàbá Heriberto Naguil
ń fi okùn sọ kẹ́tùlù tíì kalẹ̀ sí wa.
Òun àti àbúrò rẹ̀ Rosendo ló gé àwọn igi wọ̀nyí,
ní ọdún kejì tí ilẹ̀ mì tìtì tí omi kó ilé lọ.
Rosendo fín orúkọ rẹ̀ sára ìkẹtàdínlógún,
ó wá bá wọn lọ rẹ́ irun àgùntàn ní gúúsù.
Kò padà wá.

Ìkẹtàdínlógún gún régé, ara rẹ̀ ń dán.
A rán ìró. A dúró.
A tún rán an.
Àǹtí mi nu òjò kúrò lójú ẹ̀rọ, ó ní ká sún un wálẹ̀ díẹ̀.
Ìró náà dé bí ẹni tó gba ìlú mẹ́ta kọjá.

Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.
Èyí tó ń jẹ òpó wa, òkun ló ti wá:
ó wọlé láti ojú ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ,
inú ilé ló ti sanra,
kò sì ba ògiri onílé jẹ́.

Bàbá Naguil sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́ẹ̀kan.
Ó fi òòlù kan igi náà, ó dẹ etí sí i.
"Mo kàn án lọ́dún tó kọjá. Ó dá mi lóhùn dáadáa."
"Èèpo ló dá yín lóhùn, Bàbá."
Ó dákẹ́.
"Ọjọ́ mélòó ló kù fún un?"
"Títí ọkọ̀ ìyẹ̀fun yóò fi fara tì í."
Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ìyẹ̀fun ń dé.

Ó gba ṣọ́ọ̀kì pupa lọ́wọ́ mi.
Ó fà á yí orúkọ náà ká,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò kan lẹ́tà kankan.
Tíì ti tutù.
Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wa,
ó sì ku òpó mẹ́sàn-án.